Bàálù Ajagun Kì Í Ṣe Ọjà Ọjọ́ Kan: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi

Láti ìgbà tí Ààrẹ Trump ti sọ ọ́ ní oṣù kọkànlá 2025 pé Amẹ́ríkà yóò ta bàálù ajagun F-35 fún Saudi Arébíà, ìbéèrè yín lórí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó kù, bí ó bá ṣe gbà ni màá ṣe dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àna mi kò fi bẹ́ẹ̀ kí ara wa dáadáa mọ́ báyìí nítorí bàálù tí ẹnikẹ́ni ò ní tà fún wa láéláé. Ó ní ìwà òmùgọ̀ ni kí èèyàn kó ohun ìjà tó mú jù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé ọ̀rẹ́ òní lè di ọ̀tá lọ́la. Èmi ní bí a bá jọ ń jagun, tí mo wá fi èyí tó dára pamọ́ fún ara mi nìkan, a ò tíì jọ ń jagun. Ta ló jàre nínú wa?
— Olùkọ́ Ìtàn

Olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ àna yín ná. Kò sí F-35 tó tó àna. Bí ẹ bá ti parí ìyẹn, ẹ sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n ta bàálù ni ẹ̀yin méjèèjì ń jiyàn lé lórí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn ló rọrùn jù nínú ayé bàálù.

Nídìí bàálù ni mo ti jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì. Bàálù akẹ́rù ni tiwa, kì í ṣe ajagun, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń gbé gbogbo wọn sókè: ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn wọn. Táyà ń jẹ, rọ́bà tó ń dènà epo ń gbó, abẹ́ ẹ̀rọ ń sán, ohun tí wọ́n ṣe kó máa ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n wákàtí kan yóò lo wákàtí rẹ̀ tán. Ọjọ́ tí ilé ìkẹ́rùsí bá gbẹ, bàálù di ère. Nítorí náà, ẹni tó ra bàálù ajagun lónìí ti bá ẹni tó tà á fún un ṣe ìgbéyàwó ọgbọ̀n ọdún, nígbà míì ogójì ọdún. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ara yín kì í ṣe bóyá ọ̀rẹ́ ni ẹni yìí. Ẹ bèèrè pé: bí ó bá yí padà, kí ni a ó lè gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí sì ni a ò ní lè gbà padà mọ́?

Ẹ wo Ìránì. Ní oṣù keje 1973, Shah Mohammad Reza Pahlavi, ọba Ìránì, lọ sí ibùdó ọmọ ogun òfuurufú ní Andrews, lẹ́bàá Washington, wọ́n sì fi bàálù méjì dárà fún un lójú sánmà, F-14 àti F-15. F-14 ló gba ọkàn rẹ̀. Kì í ṣe fújà lásán. Bàálù MiG-25 ti Sófíẹ̀tì ń gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá bó ṣe wù wọ́n, kò sì sí ohun tó ní tó lè lé wọn bá. F-14 ní ràdá tó ń ríran jìnnà, ó sì ń gbé mísáìlì Phoenix tó lè pa bàálù tó wà ní ibi tó ju 100 kìlómítà lọ. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nìkan ló ní i láyé. Shah ní kí wọ́n ṣe 80 fún òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé ni pé Grumman, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọko gbèsè lásìkò náà, báńkì Melli ti Ìránì sì wà lára àwọn tó yá a lówó, 75 mílíọ̀nù dọ́là, kó má bàa dojú dé. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Bàálù 79 ló ti dé Ìránì kí ìjọba Shah tó wó ní 1979. Ọ̀kan tó ṣẹ́kù kò kúrò ní Amẹ́ríkà mọ́. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀rẹ́ pàtàkì di ẹni tó ń kó òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣojú wọn ní ìgbèkùn kí ọdún yẹn tó parí.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àna yín: «Ṣé ẹ rí i?» Ẹ ní kó fara balẹ̀. Amẹ́ríkà gé páàtì. Nígbà tí ogun Ìráàkì bẹ̀rẹ̀ ní 1980, Ìránì ń tú bàálù kan palẹ̀ kí òmíràn lè fò, ó ń wá páàtì lábẹ́lẹ̀ káàkiri ayé, ó ń gbìyànjú láti fúnra rẹ̀ rọ èyí tó lè rọ. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi tó wà lábẹ́ àwọn bàálù yẹn, mo júbà wọn, ìjọba tó rán wọn níṣẹ́ ni mi ò júbà. Ní 2006, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi F-14 tiwọn sílẹ̀, ẹ̀rù páàtì ni wọ́n ń bà. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n bọ́ sọ́jà bí irin àlòkù, ẹ̀rọ ni wọ́n fi lọ ọ̀pọ̀ wọn wẹ́wẹ́. Nígbà tó di 2008, òfin tún jáde pé páàtì F-14 kò gbọdọ̀ dọ́wọ́ ará ìta. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Shah ti fọwọ́ síwèé nígbà yẹn. Ní oṣù kẹfà 2025 ṣì ni àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì gbé fídíò jáde tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń fọ́ F-14 nílẹ̀ ní Tehran.

Nítorí náà, okùn páàtì ń fa ènìyàn lọ́rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pani lójijì. Venezuela ra F-16 lẹ́yìn 1980 nígbà tí òun àti Washington ṣì jọ ń jẹ nínú àwo kan. Ní 2006, Amẹ́ríkà fòfin de títa ohun ìjà fún ìjọba Hugo Chávez. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ní oṣù kẹsàn-án 2025, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ní F-16 méjì ti Venezuela fò kọjá nítòsí ọkọ̀ ogun wọn, USS Jason Dunham, lójú òkun Kàríbíánì. Arúgbó bàálù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fò.

F-35 kò rí bẹ́ẹ̀, okùn tirẹ̀ kúrú gan-an. Yàtọ̀ sí páàtì, tí Amẹ́ríkà ń darí bí àwọn tó ni bàálù náà ṣe ń pín in láti inú àpò kan náà, fáìlì kan tún wà tó ń sọ fún bàálù pé ràdá báyìí, ti ta ni, mísáìlì báyìí, ibo ló ti ń wá. Eglin ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì yìí. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá yọ kúrò nínú èyí kò ní rí ìlò F-35 rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ísírẹ́lì nìkan ló rí ọ̀nà gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sínú rẹ̀ débi tó jọjú. Bí ohun tó ń ba àna yín lẹ́rù bá jẹ́ pé ẹni tó rà á yóò fi í bá Amẹ́ríkà jà lọ́la, kó lọ sùn dáadáa.

Àṣírí ni ohun tí kò ṣeé gbà padà. Ohun tó mú F-35 gbówó lórí ni bí ara rẹ̀ ṣe ń fara pamọ́ fún ràdá. Ẹni tó bá sì ti wò ó pẹ́ tó, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀, yóò mọ ibi tí kò ti fara pamọ́ tó. Ohun tó gbé Tọ́kì ṣubú nìyẹn. Tọ́kì kì í ṣe oníbàárà lásán o. Láti 2002 ló ti wà nínú àwọn tó dá iṣẹ́ F-35 sílẹ̀, ó fẹ́ ra 100, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe páàtì tó lé ní 900 fún gbogbo àwọn tó ń lò ó. Ní oṣù kẹfà 2018 wọ́n fa bàálù àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́ ní Fort Worth, ní Texas, awakọ̀ rẹ̀ sì ń kọ́ṣẹ́ ní Luke, ní Arizona. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje 2019, ẹ̀rọ ìdáàbòbò S-400 tí Tọ́kì rà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ ní Ankara. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Amẹ́ríkà fi yọ ọ́ kúrò. Ọmọ NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni Tọ́kì láti 1952 o! Kò sí ẹni tó sọ pé ó ti di ọ̀tá. Ràdá Rọ́ṣíà ni wọn ò fẹ́ kó jọ máa gbé àgbàlá kan náà pẹ̀lú F-35.

Ojú yìí ni mo fi ń wo Saudi. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò gbà gbọ́ ọ ní Washington: àwọn kan á sọ pé Ṣáínà wà nítòsí ibẹ̀ jù, àwọn kan á rántí òfin mìíràn ti 2008, tó ní wọn kò gbọdọ̀ ta ohun tó máa dín agbára Ísírẹ́lì kù ní àdúgbò náà. Èmi fúnra mi, bí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n máa ta F-15 fún Saudi nìṣó. Ó ti ń lò ó láti ọdún pípẹ́, ó mọ̀ ọ́n tọ́jú, kò sì sí àṣírí ara nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè jí. F-35, kí wọ́n jẹ́ kó dúró ná. Ní ti Jàpáánì, Norway, Ọsirélíà àti irú wọn, Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ jàre. Àna yín jàre díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò bà á lẹ́rù gan-an ló yẹ kó bà á lẹ́rù.

Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo kà á pé Amẹ́ríkà kò ta F-22 fún ẹnikẹ́ni, Jàpáánì bẹ̀bẹ̀ títí. Kí ló dé tí wọ́n wá ń ta F-35 káàkiri?
— Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ

Ọmọ mi, òfin ló fà á, gbólóhùn kan péré sì ni. David Obey, aṣòfin láti Wisconsin, fi sínú òfin ìnáwó ológun ti ọdún 1998 pé wọn kò gbọdọ̀ ná owó lórí àtifọwọ́ sí títa F-22 fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ti fi ọkàn sí pípa àṣírí rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń yà á sórí ìwé. F-35 kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é fún títà, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ mìíràn ló dá owó sí i, Bìrìtìkó nìkan fi nǹkan bíi 2 bílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀.

Jàpáánì fẹ́ F-22 gan-an ní tòótọ́. F-4 rẹ̀ ti darúgbó, Ṣáínà sì ń gbérí. Ọsirélíà náà bèèrè. Ṣùgbọ́n ní 2007, ìwé àṣírí ètò Aegis, tí ọkọ̀ ogun ojú omi fi ń dènà mísáìlì, tí Amẹ́ríkà fi lé Jàpáánì lọ́wọ́, jò láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi rẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n tà á sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ṣòro kí n dá wọn lẹ́bi lórí ìyẹn. Ẹni tí ìwé jò lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ kó máa pariwo pé wọn ò fọkàn tán òun.

Ohun tó tẹ̀lé e ni kí o wò. 750 ni àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fẹ́. Owó ń lọ sókè, iye tí wọ́n fẹ́ rà ń wálẹ̀, bí iye tí wọ́n fẹ́ rà sì ṣe ń wálẹ̀ ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ń lọ sókè sí i. Ní 2009, Robert Gates tó jẹ́ akọ̀wé ètò ààbò ní kó dúró sí 187. Àwọn kan tún fẹ́ fi méje kún un, Obama ní òun kò ní fọwọ́ sí i, Ilé Aṣòfin Àgbà sì fi ìbò 58 sí 40 yọ owó náà kúrò. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní ilé iṣẹ́ ní 2012. Wọ́n kó irinṣẹ́ pamọ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin padà bèèrè pé èló ni yóò ná wọn láti ṣe 194 mìíràn, ìdáhùn tí wọ́n gbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 bílíọ̀nù dọ́là. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Ìwọ tó ń kọ́ ẹ̀rọ, o mọ ohun tí àfikún oníbàárà ń ṣe fún ilé iṣẹ́. Kì í kàn ṣe owó. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ ń wà nídìí iṣẹ́, àwọn kéékèèké tó ń ṣe nọ́ọ̀tì àti wáyà kò ní kógbá wọlé. Bí Jàpáánì bá ti ra ogójì tàbí ọgọ́ta, mo gbà pé ilé iṣẹ́ yẹn ì bá ṣì ṣí sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i, kí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì ní ju 187 lọ.

Nísinsìnyí, padà sórí báńkì Melli tí mo ní kí gbogbo yín fi sọ́kàn. Wọ́n ta èyí tó dára jù fún Ìránì, Ìránì di ọ̀tá, síbẹ̀ owó Ìránì wà lára ohun tó jẹ́ kí F-14 yè fún Amẹ́ríkà títí di 2006. Wọ́n kọ̀ láti ta F-22 fún Jàpáánì, Jàpáánì ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn dòní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ F-22 kú. Mi ò lè fi ìyẹn ṣe òfin fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ kí ẹnì kan máa sọ ọ́ bíi pé kíkọ̀ láti tà kì í náni ní nǹkan kan, orí F-22 ni ọkàn mi máa ń lọ.

Jàpáánì kò sì jókòó sọkún. Ó mú F-35 ní oṣù kejìlá 2011, ó gbèrò láti ní 147. Ó fi X-2, bàálù àdánwò tirẹ̀, gbéra ní 2016. Láti oṣù kejìlá 2022, òun, Bìrìtìkó àti Ítálì ti jọ ń ṣe bàálù kan tí wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2035. Amẹ́ríkà kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọpọlọ. Mo gbọ́ pé Trump ní bàálù tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àwọn máa dín agbára rẹ̀ kù kí àwọn tó tà á fún ọ̀rẹ́. Ṣé ọgbọ́n kọ́ nìyẹn? O tà á, o sì tún fi apá kan pamọ́.
— Ìyàwó Sójà

Ìyàwó wa, ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta 2025 ni, nígbà tó ń kéde pé Boeing ló máa ṣe F-47. Ó ní wọ́n á dín in kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé àwọn ọ̀rẹ́ náà kò ní jẹ́ ọ̀rẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Sófíẹ̀tì náà ṣe é: MiG tó ń tà fún àwọn Lárúbáwá kì í sábà dà bí èyí tó ń fi síbi tirẹ̀. Ohun tuntun ni pé olórí orílẹ̀-èdè dúró níwájú kámẹ́rà ó sọ ọ́ sétí ẹni tó fẹ́ kó wá rà á. Alágbàtà tí mo mọ̀ kì í polówó ọjà báyẹn.

Wọ́n ti dán dídín in kù wò rí, kò sì tà. Ààrẹ Carter gbé ìlànà kan jáde ní 1977 láti dín títa ohun ìjà kù, wọn kò sì fẹ́ kí gbogbo ayé máa ní F-16. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe bàálù tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbóná fún títà nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀dà F-16 kan jáde tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sí. Ilé iṣẹ́ Northrop náà ṣe F-20 Tigershark, ó ná ohun tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lápò ara rẹ̀. Bàálù tó dára ni o! Awakọ̀ tó gbé e fò ń yìn ín. Mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe parí, méjì já, àwọn awakọ̀ méjèèjì kú, iṣẹ́ náà sì dópin ní 1986 láìsí ẹyọ oníbàárà kan. Ìjàǹbá kọ́ ló pa á. Nígbà tí Ààrẹ Reagan ti ṣílẹ̀kùn F-16 fún Pakísítànì àti Gúúsù Kòríà, ta ló tún fẹ́ èyí tí ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà fúnra wọn kò rà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá yẹn ti dunni jù ni Yúróòpù. Oṣù kan náà ni Amẹ́ríkà dá ìròyìn ogun tó ń fún Ukraine dúró fún ìgbà díẹ̀. Kíá ni àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá bọ́tìnì kan wà ní Washington tí wọ́n lè tẹ̀ kí F-35 àwọn má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ka iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tó ń darí F-35 ní irọ́ ni, kò sí irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí, kí ló fẹ́ fi bọ́tìnì ṣe? Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Sípéènì ní òun kò ra F-35 mọ́, òun á wo èyí tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún wọn: èyí tí ẹ bá máa tà, ẹ tà á ní odindi. Èyí tí ẹ ò bá lè tà ní odindi, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣé Ààrẹ nìkan ló ń dá a pinnu ni? Àwọn aṣòfin wọn ńkọ́?
— Agbẹjọ́rò Kékeré

Òfin 1976 lórí títa ohun ìjà sí òkèèrè ní Ààrẹ gbọ́dọ̀ fi tó Ilé Aṣòfin létí tí ọjà bá tó iye kan. Wọ́n ní ọjọ́ 30 láti sọ pé àwọn kò fẹ́, ọjọ́ 15 péré bó bá jẹ́ NATO àti àwọn bíi Jàpáánì, Ọsirélíà, Gúúsù Kòríà, Ísírẹ́lì àti New Zealand. Lórí ìwé, ó lágbára. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀ rí pé kí Ilé méjèèjì fi ìbò dí irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ́nà títí dópin. Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni ti 1981, nígbà tí Reagan fẹ́ ta bàálù AWACS, tó ń gbé ràdá ńlá ṣọ́ ojú sánmà, fún Saudi. Aṣojúṣòfin 301 ní rárá, 111 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé Aṣòfin Àgbà wá fi 52 sí 48 gba Reagan là. Ní 2019, wọ́n tún dìbò tako ohun ìjà kan tí Trump fẹ́ tà fún Saudi àti UAE (orílẹ̀-èdè tí Dubai àti Abu Dhabi wà), Trump kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ó parí síbẹ̀.

Ibi tí agbára wọn wà gan-an ni yàrá ẹ̀yìn. Alága ìgbìmọ̀ kan lè fọwọ́ lé ìwé títí yóò fi rẹ gbogbo èèyàn. F-16 tí Tọ́kì bèèrè ní 2021, tí ó fẹ́ fi rọ́pò F-35 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, oṣù kìíní 2024 ni wọ́n tó gbà fún un, lẹ́yìn tó fọwọ́ sí i kí Sùwídìn wọ NATO. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí F-35 fún Gíríìsì, aládùúgbò tí òun àti Tọ́kì kì í gbà. Ta ló sọ pé wọn ò mọ òwò ṣe?

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, ẹni tó ń tà ni ẹ fi ń gbèrò. Ẹni tó ń rà ńkọ́? Bí ẹ bá jẹ́ olùdámọ̀ràn orílẹ̀-èdè kan tí Amẹ́ríkà ní òun fẹ́ ta F-35 tàbí F-16 fún, kí lẹ máa sọ?
— Aṣírò Owó

Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù, aláṣírò owó ló yẹ kó bi í.

UAE ti fi ọ̀nà kan hàn. Wọ́n gbà ní 2020 láti ta F-35 50 fún un, ọ̀rọ̀ Huawei, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti Ṣáínà, àti Ṣáínà fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́, àdéhùn ń gùn. Ní oṣù kejìlá 2021, UAE ní kí ìjíròrò náà dúró ná. Oṣù yẹn gan-an ló ra bàálù ajagun Rafale 80 lọ́wọ́ Faransé. Ẹni tó lè rìn kúrò nídìí ọjà ló ń rí ẹ̀dínwó.

Ṣùgbọ́n Pakísítànì ni màá gbé síwájú rẹ̀ kó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Amẹ́ríkà nílò rẹ̀ nítorí ogun Afghanistan, wọ́n ta F-16 fún un. Ó tún fi owó tó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ fún 28 mìíràn. Sófíẹ̀tì kúrò ní Afghanistan ní 1989. Ní oṣù kẹwàá 1990, Ààrẹ Bush ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé Pakísítànì kò ní bọ́ǹbù átọ́míìkì, òfin tí wọ́n ń pè ní Pressler sì fòpin sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣe àwọn bàálù náà parí o. Wọ́n kó wọn lọ sínú aṣálẹ̀ Arizona, wọ́n jókòó síbẹ̀, oníbàárà tó ti sanwó kò sì lè fọwọ́ kàn wọ́n. Oṣù kejìlá 1998 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀: owó díẹ̀ tó lé ní 320 mílíọ̀nù dọ́là, àti àlìkámà pẹ̀lú ọjà mìíràn dípò ìyókù. New Zealand fẹ́ yá àwọn bàálù náà lò, ìjọba Helen Clark fagi lé e ní 2000. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló gbà wọ́n, díẹ̀ nínú wọn sì di bàálù tí wọ́n fi ń ṣe bí ọ̀tá nígbà tí awakọ̀ wọn bá ń kọ́ ogun jíjà.

Nítorí náà, aláṣírò owó, kí o tó ka iye mísáìlì, ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí bí owó yóò ṣe padà bí ọjà kò bá dé. Bèèrè fún páàtì ọdún méjì, ó kéré tán, nínú ilé ìkẹ́rùsí tó wà lórí ilẹ̀ tìrẹ, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe fún F-35, ó ṣeé ṣe fún F-16. Kí o sì rán àwọn tó máa tún un ṣe lọ sílé ẹ̀kọ́ kí o tó rán awakọ̀.